Nínú Ìtàn Mọremí, Ugbò Dà?

Ọ̀rọ̀ kan ló bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa níbi tí a ti ń fi eré dánra wò, a sì ti ń fà á láti ọjọ́ náà títí di ìsinsìnyí. A ní ká gbé e wá síbí, bóyá ẹ̀yin náà á bá wa dá sí i.

Eré Mọremí la fẹ́ ṣe fún ọ̀sẹ̀ àṣà ẹ̀ka wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ọdún kan ò bá jẹ́ ti Mọremí, á jẹ́ ti Ṣàngó. A ti pín ipa àwọn obìnrin tán, ó wá ku àwọn ọkùnrin tí yóò wọ ìko, tí wọn yóò máa fò kiri bí iwin, tí àwọn ará Ifẹ̀ yóò wá fi ògùṣọ̀ lé wọn dànù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é, nítorí ìko tí a rà yẹn ń yúnni bíi yèrèpè. Bí ọ̀kan nínú wa ṣe nawọ́ nìyẹn. Ọmọ Ugbò ni, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, létí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ní, "Ẹ gbé e fún mi, èmi ni mo ni ín." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó da ìko náà sọ́rùn, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi iná lé wa tán, ibo la gbà lọ?"

Ẹ̀rín dákẹ́. A ka ìtàn yìí ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a kà á ní girama, a tún fi ṣe ìdánwò ní yunifásítì. Kò sí olùkọ́ kan tó bi wá ní ìbéèrè yẹn rí. Àwa náà kò sì bi ara wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́. Àwọn kan ń ti inú igbó jáde wá bá àwọn ará Ifẹ̀, wọn a kó oúnjẹ, wọn a kó èèyàn lẹ́rú. Ìko àti koríko ni wọ́n fi bora láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ sì rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọremí lọ bá odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó jẹ́jẹ̀ẹ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ẹwà rẹ̀ gbé e dé ààfin, ọba wọn fi í ṣaya, ó sì fara balẹ̀ títí ó fi mọ̀ pé ẹlẹ́ran ara ló wà lábẹ́ ìko, pé iná sì ni ìko kò lè dúró dè. Ó sá padà sílé, ó tú àṣírí náà, àwọn èèyàn rẹ̀ sì fi ògùṣọ̀ pàdé àwọn tó ń bọ̀. Ó wá ku ẹ̀jẹ́. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò gbà. Bí Samuel Johnson ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí a bá yọ ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń sọ ọ́.

Ní Ugbò, ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ. Ohun tó yà wá lẹ́nu nìyẹn. A ti rò pé wọ́n á ní irọ́ ni, pé kò sí Mọremí, pé kò sí ìko. Rárá o. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ló ni ilẹ̀ Ifẹ̀ kí àwọn Odùduwà tó gba agbára lọ́wọ́ wọn. Ilé wọn ni wọ́n ń padà sí nígbà tí wọ́n ń wọ ìko, wọn kò lọ kó ilé onílé. Ìparí ni pé lẹ́yìn iná, wọ́n kó ohun tó kù, wọ́n ń lọ, wọ́n ń dúró, wọ́n tún ń lọ, títí ilẹ̀ fi tán tí òkun bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Olúgbò wà títí di òní. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ti pé Ifẹ̀ ti ní àwọn ìletò àti àwọn olórí kí Odùduwà tó dé, kó lọ wo ohun tí Adé Ọbáyẹmí àti àwọn onímọ̀ ìtàn mìíràn kọ lórí Ifẹ̀ àtijọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń bára wọn jà lé lórí. Àwọn méjèèjì jọ gbà pé obìnrin kan wá, pé ó jókòó, pé ó mọ àṣírí, pé ó lọ. Ifẹ̀ rí ìyá tó fi ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ra ìlú padà. Ugbò rí ìyàwó tó bá wọn jẹun, tó sùn lórí ẹní ọba wọn, tó sì kó ẹ̀mí wọn lé iná lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ má bínú sí òwe náà, a kò rí èyí tó mọ́ tónítóní ju bẹ́ẹ̀ lọ tó ba ọ̀rọ̀ yìí mu.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mẹ́rin nínú wa tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ wa lọ sílé. Mọ́tò gbé wa dé Igbókòdá, ọjà ẹja, ọjà edé, ibi tí ọ̀nà mọ́tò ti fà wá lé ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo di igi ọkọ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì wo ọ̀tún tàbí òsì. (Ó ní ká má kọ ọ́. A ti kọ ọ́.) Àwa tó kù ń wòran. Ohun tí a rí jù lẹ́bàá omi ni igi ògùrọ̀, igi kan náà tí wọ́n ti ń mú ìko. Ìdí rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, orí rẹ̀ ń mì lókè. Ọ̀rẹ́ wa ń ka iṣẹ́ rẹ̀ fún wa bí ẹni ń ka oríkì baba rẹ̀: wọ́n ń dá a fún ẹmu, wọ́n ń fi ẹmu náà pọn ògógóró, wọ́n ń fi imọ̀ rẹ̀ bo ilé, wọ́n ń fi pákó ọwọ́ rẹ̀ ṣe ògiri, wọ́n ń yọ ìko lára ewé rẹ̀ láti fi di nǹkan. Ó ní, "Nínú eré yín, iwin ló ń wọ̀ ọ́. Nílé wa, òun ni orí ilé."

A ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ní ọdún Edì, tí Ifẹ̀ fi ń rántí Mọremí, àwọn Olúyárè máa ń wọ ìko, a sì máa ń fi iná lé wọn. Ọmọdé tó bá dàgbà sínú ọdún yẹn, bó bá rí ìko, ọ̀tá ló rí. Ọmọdé tó dàgbà sí ẹsẹ̀ odò Ìlàjẹ, bó bá rí ìko, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló rí. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Iná ńkọ́? Ní abúlé tí a sùn sí, orí òpó ni ilé wà lójú omi, pákó ni ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, pákó ni afárá tó so ilé mọ́ ilé. Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ wa ń dáná lórí ààrò amọ̀ tí wọ́n mọ sórí pákó, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀ rárá. Kí a tó sùn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi sí èérú, ó tún fi ọwọ́ kàn án wò. Níbi tí iná ilé kan ti lè jẹ ogún ilé kí ilẹ̀ tó mọ́, a kò ní láti ṣàlàyé ohun tí ìran àwọn tí iná lé ń rò nípa ògùṣọ̀.

Ìyá yìí la bi léèrè. A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí Mọremí bá wọlé báyìí, kí lẹ máa sọ fún un?" A ti ń retí èébú. Ó rò ó díẹ̀, ó wá dá wa lóhùn ní ohùn Ìlàjẹ, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá wa túmọ̀: "Màá ní kó jókòó. Ìyàwó ilé wa ṣáà ni. Màá bu omi fún un. Lẹ́yìn náà màá bi í pé, ìyàwó, kí la fi ṣe ọ́?"

A kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó dára ju ìyẹn lọ lórí Mọremí, nínú kíláàsì àbí nínú ìwé.

Ẹ fi èyí wé ariwo tí àwọn àgbàlagbà ti pa lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹniìtàn Ògúnwùsì ṣí ère Mọremí ní Ilé-Ifẹ̀, ère tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, tó gbé ògùṣọ̀ sókè bíi ti ère Òmìnira ní Amẹ́ríkà. Ohùn jáde láti Ugbò, Olúgbò, Ọba Ọbátẹ́rù Akínrùntán, sì wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ síta. Láìpẹ́ ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí Mọremí, ó ti di ta ló kọ́kọ́ jọba, ta ni àgbà, adé ta ló ju adé ta lọ. Ẹnu wa kò gba ìyẹn, ọmọdé ni wá. Ṣùgbọ́n a lè sọ ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn nínú ohun tí àwọn èèyàn lásán, ẹgbẹ́ wa, ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà. Àwọn kan tó ń gbèjà Ugbò ń pe Mọremí ní panṣágà. Àwọn obìnrin inú wa kò gbà, wọ́n sì tọ̀nà. Bí ọkùnrin bá wọ ìlú ọ̀tá lọ fimú fínlẹ̀, a ó pè é ní akọni. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ibùsùn rẹ̀ la ó lọ yẹ̀ wò. Ìyá arúgbó tó ní ìdí láti bínú kò pè é bẹ́ẹ̀, ìyàwó ilé ló pè é.

A kò sì sọ pé kí wọ́n wó ère. Ifẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń jẹ́ Mọremí, ti Yunifásítì Èkó náà ń jẹ́ Mọremí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé nígbà tí a sọ Mọremí di ti gbogbo Yorùbá, a gbàgbé pé àwọn tó fi iná lé náà wà nínú gbogbo Yorùbá. Ọmọ Ugbò jókòó ní ìlà kejì nínú kíláàsì, olùkọ́ ń sọ pé "àwọn ọ̀tá wa", òun náà ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "àwọn ọ̀tá wa". Ọ̀rẹ́ wa ní ó pẹ́ kí òun tó mọ̀ pé ara òun lòun ń kọ sílẹ̀.

Kí ló fà á tí kò fi tètè mọ̀? Lẹ́tà kan ni. Èyí ni iṣẹ́ tiwa gan-an gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ jẹ́ ká dúró sí i díẹ̀.

Gbogbo wa la kọ́ ọ pé Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka-èdè ìhà ìlà-oòrùn ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ará Èkìtì ń sọ pé ulé, àwa ń sọ pé ilé. Wọ́n ń sọ pé Ufẹ̀, a ń sọ pé Ifẹ̀. Bí a bá gbé Ugbò gba ojú ọ̀nà kan náà, kí ni yóò dà? Ìgbò. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn, tí orúkọ àwọn tó ní ìtàn fi sọnù nínú ìtàn wọn. Orúkọ tó rọ́pò rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ tí ẹ̀yà mìíràn ń jẹ́, àwọn Ìgbò òdìkejì Odò Ọya, tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa Ẹ̀sìnmìrìn. Kì í ṣe àwọn ìyẹn ni ìtàn náà ń sọ. Àlàyé yẹn ni kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ilé ẹ̀kọ́ fún wa.

Ẹ wá wo ohun tí lẹ́tà kan yìí ń ṣe. Nígbàkígbà tí ìbò bá dé ní Èkó, tí Yorùbá àti Ìgbò bá ń bú ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan á gbé Mọremí jáde. Á ní láti ayébáyé ni Ìgbò ti ń wá kó wa lẹ́rú, pé Mọremí ló gbà wá lọ́wọ́ wọn, pé ká tún tan ògùṣọ̀. A ti rí i, ẹ̀yin náà ti rí i. Ìjà inú ilé kan, láàárín àwọn tó jọ ní Ifẹ̀, ti di ohun ìjà tí wọ́n ń gbé ti aládùúgbò tí kò sí níbẹ̀. A kò rò pé eré ni ọ̀rọ̀ ògùṣọ̀ yẹn. Ní ìlú tí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀, kò yẹ kí a máa fi ìtàn àtijọ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní iná títàn.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀sùn ti pọ̀ jù lórí lẹ́tà kan. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etíkun yẹn gan-an ti kọ́ wa pé ohun kékeré tí èèyàn méjì jọ ń lò lè ní iye lórí. Aṣọ funfun ni olórìṣà Malòkun ń wọ̀ lọ sétí omi. Aṣọ funfun náà ni ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ń wọ̀ lọ sétí omi kan náà. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè lè má mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ìyàtọ̀ náà ló ń sọ ẹni tí yóò rí ibi sùn. Àwọn aláṣọ funfun ti ìjọ tó takò ẹbọ àti pípa ìbejì rí inúnibíni títí wọ́n fi kó jáde, wọ́n sì dá Ayétòrò sílẹ̀ ní 1947, lórí òpó létí òkun, níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan, tí wọ́n jọ ń jẹ láti inú àpò náà. Lónìí, àwọn méjèèjì ṣì wà, olúkúlùkù ń wọ aṣọ rẹ̀, wọ́n ń kíra wọn nínú ọkọ̀. A rí wọn.

Ayétòrò yẹn kan náà ni òkun ń jẹ báyìí. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ẹ̀kọ́, ó ti gbé ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣí ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n ń sún mọ́ ẹ̀yìn, òkun ń sún tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọ̀kan nínú wa ní bóyá ó rọrùn fún àwa ará òkè láti má gbọ́ igbe etíkun nítorí pé nínú orí wa, àwọn tó sá lọ síbẹ̀ ti parí láti ojú ìwé 40 nínú ìwé kíkà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù ní ó ti ń ṣe àsọdùn. A fi sílẹ̀ síbí kí ẹ bá wa wò ó.

A kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó tún Mọremí yẹ̀ wò o. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ti ṣe é nínú Morountodun, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1979. Títúbí, ọmọ olówó, ní òun fẹ́ ṣe bíi Mọremí, òun fẹ́ wọ àárín àwọn àgbẹ̀ tó dìde ní ìgbà Àgbẹ́kọ̀yà kí òun lè tú àṣírí wọn. Ó wọ àárín wọn, ó bá wọn gbé, ó sì rí i pé òtítọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Kò lè padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tó rán an bó ṣe wá. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó sọ pé Ọ̀ṣọ́fisan ba Mọremí jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dá a lábàá pé ká fi ọ̀rọ̀ Ugbò sínú eré tiwa, àgbà kan tó fẹ́ràn wa pè wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ní akọni obìnrin kan, ẹ tún fẹ́ fi ọwọ́ ara yín sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀?" A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a ní rárá, sà. A fẹ́ kí ó jẹ́ akọni tó ṣe ohun tó nira lóòótọ́. Ẹni tó fi iwin sílẹ̀ lọ, kí ló fi sílẹ̀? Ẹni tó fi èèyàn sílẹ̀, tí ó mọ orúkọ wọn, tó mọ ẹni tí yóò jóná, òun ló san nǹkan. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ́ náà fi wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Baba náà kò tíì gbà. Ó ní òun ń rò ó.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní sáà tó ń bọ̀, àwọn mìíràn á bọ́ sí Òkìtìpupa, á bọ́ sí Igbókòdá. Bí ẹ bá kọ́ àwọn ọmọ ní Mọremí, ẹ kọ Ugbò sójú pátákó, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú u, kí ẹ sì fi ibi tí Ugbò wà hàn wọ́n lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹ̀ka-èdè la fi ń gba máàkì nínú ìdánwò, ẹ jẹ́ kó wúlò lójú pátákó náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, a kò sì tíì dàgbà tó ìyẹn.

Ní ti eré wa, títí di àná a kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí yóò parí sí. Àwọn kan ní kó parí sí odò Ẹ̀sìnmìrìn bó ṣe máa ń parí. Àwọn kan ní kí àwọn oníìko rìn gba àárín èrò jáde pẹ̀lú ẹrù lórí. Ògùṣọ̀ ti yanjú ara rẹ̀, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ní òun kò fẹ́ iná níbẹ̀, iná fóònù la máa tàn. Ọ̀rẹ́ wa ti gbà pé òun ni olórí àwọn oníìko, ṣùgbọ́n ó ti kó èyí tí a rà lọ́jà dànù. Ó ní ìko burúkú ni, kò sẹ́ni tó lè wọ nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìlú òun. Ìyá rẹ̀ ń fi èyí tó dáa ránṣẹ́ láti Igbókòdá, ó ti wà nínú mọ́tò.